Ọkọ Modúpẹ́ Nínú Àwòrán Ilẹ̀

Ojú ara rẹ̀ ni Ìrètí fi rí i, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún un. Ìdí nìyí tí kò fi lè sọ pé irọ́ ni.

Ó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan létí Kútọnu, ó ń fi iṣẹ́ másítà rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ni bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilẹ̀, tí a ó fi mọ ohun tó wà níbì kan àti ìdí tó fi wà níbẹ̀. Tirẹ̀ dá lórí omi. Ó ti rin agbègbè Tchaourou, láti Tchatchou títí dé Kika, ó ń fi ẹ̀rọ GPS gba ibi tí pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan wà àti ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà, kí àwọn ará mérì, ilé ìjọba ìbílẹ̀, lè mọ àwọn tí omi jìnnà sí. Àwòrán náà ń tàn lára ògiri. Pọ́ǹpù jẹ́ àmì aláwọ̀ aró, ilé jẹ́ àmì pupa tín-ín-tín bí hóró ata. Ó ti fa òbírí yí pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan ká. Ilé tó bá bọ́ sẹ́yìn òbírí, a jẹ́ pé omi ṣọ̀wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀.

"Ó dára," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Tẹ ilé kan fún wa, kí a rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé èyíkéyìí."

Ilé èyíkéyìí. Nínú gbogbo àmì pupa tó wà ní Sanson, ọ̀kan ṣoṣo ni ọkàn Ìrètí máa ń lọ bá. Kò tíì wọ ilé náà rí. Ní ìṣẹ̀ṣe ilẹ̀ wọn, ọmọbìnrin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ẹni tó ń fẹ́ ẹ kí àwọn ẹbí tó mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ó má fi ọwọ́ kàn án lára ògiri? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ̀ ẹ́.

Àpótí funfun kan ṣí lára ògiri, ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀ gàdàgbà: Baálé ilé, Àkàndé Ọláolúwa. Ìyàwó, Modúpẹ́. Ọmọ, méjì.

"Ìdílé kékeré," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Báwo ni omi ṣe jìnnà sí wọn tó?"

Ìrètí sún mọ́ ògiri. Ó tún àpótí náà kà. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ilé tí iná ń jó, tó sì mọ̀ pé ilé òun ni. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀, Zoulfath, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ti Tchaourou wá, nìkan ló mọ ohun tó wà lára ògiri yẹn. Zoulfath dìde.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó."

Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó, kò sì mọ̀ pé òun ti jókòó.

*

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni Ọláolúwa. Ní Sanson ni wọ́n ti pàdé, nínú ọyẹ́. Ìrètí dúró láàárín pápá ilé-ìwé, ó na ẹ̀rọ GPS sókè, àwọn ọmọdé sì pé lé e lórí. Olùkọ́ wọn jáde wá, ó gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́.

"Tata," ni ó wí, bí wọ́n ti ń pe àǹtí níbẹ̀, "ṣé fóònù yín kò rí nẹ́tíwọ̀kì ni?"

"Kì í ṣe fóònù. Ó ń wá sátẹ́láìtì lójú ọ̀run, kó lè sọ ibi tí mo wà fún mi."

"Ìyẹn kò le. Sanson lẹ wà. Ẹ̀ bá ti bi mí, ẹ kì bá na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀."

Ìrètí rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ fi gbàgbé ibi tó dé. Láti ọjọ́ náà, bí Sátidé bá ti pé, Ọláolúwa á gbé alùpùpù rẹ̀, á máa gbé e káàkiri àwọn abúlé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á pàdé nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Tchaourou. Ìrètí ń pè é ní Mẹ́tírì, bí gbogbo ará ìlú ti ń pe olùkọ́. Nígbà tó yá, "ẹ̀yin" di "ìwọ" láàárín wọn, kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tó dà bẹ́ẹ̀.

Ọláolúwa kò fi ohun púpọ̀ pamọ́ fún un. Ó sọ fún un pé ìyá òun kú nígbà tí òun wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun, Adéyẹmí, kú sínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Parakou, pé opó rẹ̀ àti ọmọ méjì wà nílé. Ìrètí sunkún pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà bi í ní ìbéèrè kan lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti dúró kí oòrùn rọ̀:

"Ayàwòrán, o ti ya gbogbo ọ̀nà Sanson. Èwo nínú wọn ló dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ?"

"Ìyẹn kò sí lórí àwòrán," ni Ìrètí fèsì. "Alárinà ló mọ̀ ọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ni Zoulfath ṣe di alárinà. Ìyá Ìrètí fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ìmàle ló ń bá àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ ìyàwó. Àlúkò, bàbá Ìrètí, alàgbà nínú ìjọ, kọ́kọ́ ní kí ọmọ òun parí ìwé ná. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde. Nítorí pé Ìrètí kò lè wọ ilé àwọn tí yóò di àna rẹ̀, Farid, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló bá a ṣe ìhà ibẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ibi tí a dé nìyẹn kí ògiri tó sọ̀rọ̀.

*

"Farid," ni Ìrètí wí nígbà tí wọ́n jáde, "ta lo bi léèrè nílé Àkàndé?"

Ọmọ Djougou ni Farid. Dendi àti Faransé ló gbọ́, Nàgó rẹ̀, ìyẹn Yorùbá ti wọn, kò ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ, ògbufọ̀ ló ń bá a rìn.

"Kí ló dé? Ṣé n kò kọ orúkọ wọn dáadáa ni? Obìnrin kan ló kọ́kọ́ jáde. A bi í pé ilé ta nìyí. Ó ní ilé ọkọ òun ni, Ọláolúwa, ọkọ òun ti lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé."

Zoulfath bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ògiri mú.

"Farid, o ti pa wá. Modúpẹ́ yẹn á jẹ́ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ilẹ̀ Nàgó, 'ọkọ mi' ni ìyàwó ilé ń pe ọmọ ilé. Gbogbo ọmọ tó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí ìyá mi wọlé, ọkọ rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń mu ọmú."

"Wọ́n á wá kọ ọmọ ọmú sílẹ̀ bí ọkọ?"

"Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo wá, wàá kọ ọ́."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa Ìrètí pẹ̀lú, ẹ̀rín tó dàpọ̀ mọ́ ẹkún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, ó tọrọ àforíjì pé òun ti fi ọkàn òun dá ènìyàn rere lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ dà á láàmú. Ó ti ń wá aṣọ ìnujú nígbà tí Farid tún sọ̀rọ̀.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni mo kọ. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ wa pé bàbá ilé ni kí a bi. Bàbá àgbàlagbà kan jáde, mo tún bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti darúgbó, Ọláolúwa ni kí n kọ sípò baálé. Ó lo ọ̀rọ̀ kan tí mo rántí nítorí pé ó kúrú. Ṣú. Ó ní Ọláolúwa ti ṣú u. Ògbufọ̀ ní kí n kọ ọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ni."

Ẹ̀rín Zoulfath dá. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ Nàgó. Bí ọkùnrin bá kú, tí àbúrò rẹ̀ sì gba opó rẹ̀ ṣe aya, a ní ó ṣú u lópó. Kì í ṣe àwàdà ìyàwó ilé mọ́. Ìgbéyàwó ni.

Ojú Ìrètí gbẹ.

*

Ó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Bàbá àgbàlagbà lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ògbufọ̀ lè ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé bàbá kò mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ni?

Ọláolúwa ń dúró dè é létí títì ní Tchaourou, níbi tí àwọn obìnrin Fúlàní ti ń ta wàgàṣì, wàrà tí wọ́n sè. Ó ti ra ọ̀kan fún un, ó fi ewé wé e, nítorí ó mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

"Mẹ́tírì," ni Ìrètí wí, "ta ló ṣú Modúpẹ́?"

Ọkùnrin náà kò bi í pé ta ló sọ fún un. Kò ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rọra gbé wàgàṣì náà kalẹ̀ sórí àga alùpùpù, Ìrètí sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

"N kò ṣú u. Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ará ilé Modúpẹ́ ti ń di ẹrù rẹ̀, wọ́n fẹ́ mú un lọ tòun ti àwọn ọmọ. Bàbá dìde láàárín èrò, ó ní ẹnikẹ́ni kò lọ síbì kan, Ọláolúwa yóò ṣú u. Gbogbo ènìyàn yí ojú sí mi."

"Kí lẹ wá sọ?"

Ọláolúwa gbọ́ "ẹ" náà. Ó ti pẹ́ tí kò ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì dùn ún ju èébú lọ.

"N kò sọ nǹkan kan."

"Láti ọjọ́ náà?"

"Yàrá tèmi ni mò ń sùn, yàrá tirẹ̀ ló ń sùn. Ọlọ́run gbọ́, n kò fọwọ́ kàn án rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní rárá, Bàbá lè ní kó máa lọ, kó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Mò ń wá ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà á rọrùn sọ."

"Bàbá yín sì gbà láti wá tọrọ mi. Kí ni wọ́n rò pé mo jẹ́?"

Ó wolẹ̀. "Wọ́n ní ọkùnrin lè ṣú opó, kó tún fẹ́ tirẹ̀. Ìyàwó kejì."

Ìrètí yí padà, ó sì ń lọ. Ọláolúwa pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin Fúlàní kan bi í bóyá wọn kò fẹ́ wàgàṣì náà mọ́.

*

"Ìyàwó kejì," ni ìyá rẹ̀ ń sọ láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà, tó tún padà. "Ọmọ tó kàwé títí tó fi ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá fi jókòó lẹ́yìn opó."

Àlúkò kò pariwo. Ó jókòó pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ lórí orúnkún, bí ó ti máa ń jókòó nínú ìjọ, ó sì yí sí Zoulfath tó tẹ̀lé Ìrètí dé láti Kútọnu. "Zoulfath, ọmọ mi, ìwọ lo mú ọ̀rọ̀ wọn wá. Bá mi mú tèmi padà. Sọ fún Àkàndé àti ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má wá ní Sátidé."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí a mú sùúrù díẹ̀."

"Mo ti mú un."

Ìrètí kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò rí àdúrà gbà. Àánú ara rẹ̀ ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ń gún un lábẹ́ àánú náà. Ká ní Ọláolúwa lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ṣú ẹnikẹ́ni, nítorí Ìrètí. Ká ní wọ́n torí bẹ́ẹ̀ lé opó náà jáde. Ojú wo ni òun ó fi máa kọrin níwájú Olúwa tó jẹ́ bàbá àwọn aláìníbaba? Ní ọ̀nà kìn-ín-ní, tó bá di ìyàwó kejì, wọ́n tàn án jẹ. Ní ọ̀nà kejì, òun ni yóò jẹ́ ẹni tó gba ilé lọ́wọ́ opó. Kò rí ọ̀nà kẹta.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Sanson. Kò lè wọ ilé Àkàndé, nítorí náà ó lọ dúró nídìí pọ́ǹpù.

Obìnrin tó wá kì í ṣe irú ẹni tó fi ọkàn yà. Ó ga, ó fún gèlè mọ́ orí bí ẹni tó ní iṣẹ́ púpọ̀ ṣe, ó sì ti mọ̀ ọ́n kí Ìrètí tó la ẹnu.

"Ìwọ ni Ìrètí. Wọ́n ní o tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò purọ́. Bá mi di garawa yìí mú."

Ìrètí dì í mú. Modúpẹ́ ń fa pọ́ǹpù, omi ń da sílẹ̀ gbuuru. Ìrètí ti ṣètò ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Ta?"

"Ọláolúwa."

Ọwọ́ Modúpẹ́ dúró lórí irin. Omi náà dá.

"Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú," ni ó wí, "ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Àwọn ará ilé mi kò bi mí, wọ́n kàn ń di ẹrù. Bàbá kò bi mí. Ọláolúwa fúnra rẹ̀ kò bi mí, ó kàn ń sá fún ojú mi nínú ilé bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè. Ọmọ tí ẹ rán wá pẹ̀lú ẹ̀rọ náà bi mí pé ilé ta nìyí, ó sì kọjá lára mi lọ bá Bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìrètí lọ́kàn. Òun ló ní kí Farid kọjá lára rẹ̀. Bàbá ilé ni kí ẹ bi: òun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo abúlé tí wọ́n dé.

"Nígbà tí mo wọ ilé náà," ni Modúpẹ́ ń bá a lọ, "ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi ni mò ń fọ ṣòkòtò káákì rẹ̀. Èmi ni mo gbé e pọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ìgbóná fẹ́ pa á, ó sì bì sí mi lẹ́yìn. Èmi ni kí n wá sùn tì í? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?"

"Kí n sọ ọ́, kí wọ́n ní kí n gbé àpótí mi, kí n fi ọmọ sílẹ̀? Bó ti ń dákẹ́ ni mo ń dákẹ́. Àwa méjèèjì ń bo ara wa láṣìírí, a kò mọ̀." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa pọ́ǹpù. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"N kò mọ̀ mọ́."

"O mọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ènìyàn kì í wá inú oòrùn yìí wá bi mí ní ìbéèrè. Ọjọ́ wo la dá?"

"Sátidé. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti ní kí ẹ má wá."

"Bàbá àti Ọláolúwa ni wọ́n sọ ọ́ fún," ni Modúpẹ́ wí. Ó gbé garawa karí. "Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi."

*

Ní Sátidé, kò sí ẹni tó se oúnjẹ àlejò. Ìrètí wà nínú yàrá, ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́hìnkùlé, Àlúkò jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Takisí kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìrètí gbọ́ ohùn Zoulfath, ó gbọ́ ikọ́ àgbàlagbà kan, ó sì rọra fa aṣọ ẹnu ọ̀nà.

Modúpẹ́ ló ṣíwájú. Bàbá Àkàndé tẹ̀lé e, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n mú wá láìjẹ́ kó ronú tán. Ọláolúwa kẹ́yìn, ó ti rù. Àlúkò dìde láti sọ pé òun ti ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ààyè. Obìnrin náà ti kúnlẹ̀ lórí ṣìmẹ́ńtì, ó fi ojúgun méjèèjì lélẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ẹ kú ilé, Màmá. Èmi ni Modúpẹ́, ìyàwó ilé Àkàndé. Ọkọ mi rí òdòdó kan nínú ọgbà yín. Mo wá bá a tọrọ rẹ̀."

Ìyá Ìrètí ti wọlé pẹ̀lú àwo ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbé e kalẹ̀.

"Ọkọ rẹ wo?"

"Ọláolúwa."

"Ẹni tí wọ́n ní ó ṣú ọ?"

"Òun náà, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ kọ́ mi. Nílẹ̀ wa, ta ló ń kúnlẹ̀ tọrọ ìyàwó fún ọmọkùnrin?"

"Ìyá rẹ̀ ni."

"Bí ìyá rẹ̀ kò bá sí láyé ńkọ́?"

Ìyá Ìrètí wo ọkọ rẹ̀, ó sì tún wo obìnrin náà. "Ẹni tó tọ́ ọ."

"Èmi ni mo tọ́ ọ. Mo sì ti kúnlẹ̀. Bí ẹ bá gba ìkúnlẹ̀ yìí lọ́wọ́ mi, ìyá rẹ̀ ni mí lójú gbogbo yín láti òní lọ." Ó yí ojú sí àna rẹ̀. "Bàbá wa nìyí. Kí wọ́n sọ fún wa bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ rí, pé ọmọ ṣú ìyá rẹ̀ lópó."

Zoulfath fi ìbòrí bo ẹnu. Bàbá Àkàndé dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí níwájú àlejò.

"Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá. Kò sẹ́ni tó bi mí náà."

"Àwọn ọmọ ọmọ mi ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ já nígbà tó sọ ọ́, gbogbo wọn sì wá mọ ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí wá. Modúpẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Bàbá, ibo ni mò ń lọ? Bí mo bá fẹ́ lọ, ǹ bá ti lọ kí erùpẹ̀ sàréè tó gbẹ. Ilé Adéyẹmí ni ilé mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ bí opó rẹ̀, kí n tọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ìgbà náà ni Ọláolúwa dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bàbá, n kò ṣú u. Rárá ni ó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹnu mi kò gbà á. Mo sọ ọ́ lónìí níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn. Rárá."

Bàbá Àkàndé wá àga, ó jókòó. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú, Ìrètí sì ń wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó gbé orí sókè, Àlúkò ló bá sọ̀rọ̀, kò wo ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ẹ dá ìyá ọmọ lóhùn."

Àlúkò wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà gbé àwo ẹ̀wà fún Zoulfath, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó sì wọ inú yàrá. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni.

"Dìde, fọ ojú rẹ," ni ó wí fún Ìrètí. "Ìyá ọkọ rẹ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀."

Ìrètí kò fọ ojú. Ó jáde bó ṣe wà, ó kọjá lára Ọláolúwa tó ṣì dọ̀bálẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Modúpẹ́ títí orúnkún wọn fi kan ara wọn. Modúpẹ́ tẹ ẹnu mọ́ ọn létí.

"Ìyàwó mi, tètè dá mi lóhùn. Ṣìmẹ́ńtì bàbá rẹ le."

Ìrètí tó kàwé dé másítà wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí ju ẹyọ kan lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."